Ẹ yan ilẹ̀ kí ẹ tó yan ilé: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń wá ibi tó máa gbé pẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo lọ wo ilé kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ilé tí mo ti rí lọ. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà, àdúgbò pa rọ́rọ́. Mo sanwó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo tó mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí kan wà lẹ́yìn ọgbà, àti pé láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ẹrù níbẹ̀, àfi ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Mo fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé, mo ki nǹkan sétí, mo gbé ibùsùn láti yàrá kan lọ sí òmíràn. Ọdún méjì ni mo fi gbé ibẹ̀, n kò sì rántí ọ̀sẹ̀ kan tí mo sùn dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tó yé mi nínú ilé yẹn ni mo fi ń yan ibùgbé títí dòní: ilé ṣeé tún ṣe. Bí ilé ìdáná bá há, a ó fẹ̀ ẹ́. Bí òrùlé bá ń jò, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bíríkìlà tó lè sọ àbàtà di òkè, kò sí káfíńtà tó lè sún ilé ìwòsàn mọ́ni, kò sì sí ọ̀dà tí a máa kùn tí aládùúgbò oníjà á fi di èèyàn jẹ́jẹ́. Nítorí náà, ohun tí owó kò lè tún ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe é ní ìdàkejì. Ilé la kọ́kọ́ ń rí, ọkàn wa á ti fà sí i, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwíjàre fún ilẹ̀, fún ọ̀nà àti fún àwọn èèyàn ibẹ̀. Bí mo ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ yìí, ilé gan-an ló kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọjọ́ lásán yín sílẹ̀

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ fún yín láti ìgbà tí ẹ bá ti jí. Kì í ṣe ọjọ́ ọdún, kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣáá tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Aago mélòó ni ẹ ń jáde? Ọ̀nà wo ni ẹ ń gbà? Ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ń gbé ẹrù wọlé? Bí ẹ bá ní ìdílé, kí kálukú kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wo ti ẹnì kejì kí gbogbo yín tó parí. Ẹnu máa yà yín. Ẹni tí ẹ rò pé ọgbà ńlá ló ń wù lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó ń dun òun jù ni pé kò sí ọ̀rẹ́ òun kankan tí òun lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní ọjọ́ lásán ni pé ọkàn máa ń tan èèyàn nípa ibi tí kò gbé rí. Ní 1998, David Schkade àti Daniel Kahneman tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní California àti ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an. Tọ̀tún tòsì wọn ló gbà pé àwọn ará California ní láti máa láyọ̀ jù, torí oòrùn tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi kálukú bí ayé tirẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó, àwọn méjèèjì jọ wà lójú kan náà ni. Bí a bá ń ro ìlú kan láti òkèèrè, ohun kan ṣoṣo tó yọ sí wa lójú, ì báà jẹ́ òkun, ì báà jẹ́ òkè, ni a fi ń díwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kì í wo òkun láràárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló ń wá, ọkọ̀ tó máa wọ̀ ló ń sáré bá.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, kí ẹ tún kọ ọjọ́ kan náà bí ẹ bá fi ogún ọdún kún ọjọ́ orí yín. Ta ló máa wakọ̀ nígbà tí ojú kò bá ríran dáadáa lálẹ́ mọ́? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ẹnu ọ̀nà dé ibùsùn? Ṣé ẹ lè dé ibi tí ẹ ti ń ra nǹkan láìwọ ọkọ̀? Ara tí ẹ gbé lọ wo ilé lónìí kọ́ ni ara tó máa gbé ibẹ̀ pẹ́.

Nínú ojú ìwé méjèèjì, ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun márùn-ún péré tí ẹ kò lè ṣe kí ẹ má ní. Bí ẹ bá fa ìlà sábẹ́ mẹ́wàá, ẹ ò tíì yan nǹkan kan nìyẹn. Ìyókù jẹ́ ohun tó wuni, ẹ lè fi wọ́n dúnàádúrà. Ẹ tọ́jú ìwé yìí, a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bi ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ omi

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Omi tó pọ̀ jù àti omi tí kò tó, àwọn méjèèjì ló ń lé èèyàn kúrò níbi tó ti kó gbogbo owó rẹ̀ sí.

Ẹ lè gbọ́ pé àdúgbò kan wà ní agbègbè “omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún”. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ni omi máa wọlé, pé bó bá ti wọlé lọ́dún tó kọjá, ó di ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ń sọ ni pé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 1 wà nínú 100 tí irú omi bẹ́ẹ̀ fi lè dé, ì báà ti dé lọ́dún tó kọjá tàbí kò dé. Fún ẹni tó máa gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, àpapọ̀ rẹ̀ di bí ìdá 26 nínú 100. Bó bá jẹ́ àádọ́ta ọdún, ó sún mọ́ ìdá 40. N kò rò pé ẹnikẹ́ni á wọ ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n sọ fún un pé ìdá 26 nínú 100 ni pé ó máa já.

Níbi tí ìjọba bá ti ní àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí omi ń dé hàn, ẹ wá a, kí ẹ sì wo ojúlé tí ẹ fẹ́ gan-an, kì í ṣe orúkọ àdúgbò nìkan, torí òpópónà kan náà lè ga lápá kan kó sì rẹlẹ̀ lápá kejì. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ dúró kí ẹ wo ibi tí àgbàrá ń gbà, ibi tí gọ́tà ti kún, àti bó ṣe pẹ́ tó kí omi tó gbẹ lójú títì.

Ẹ wo ògiri pẹ̀lú. Mo wọ ilé kan nígbà kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bí awo tuntun. Mo gbé àga kan kúrò ní kọ̀rọ̀, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè, ó gbẹ, ó sì ń yọ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi dé ìwọ̀n orúnkún, ògiri tutù, ọ̀dà ibẹ̀ wú bí awọ ara tó fẹ́ bó, ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Ìlà ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú tọ́ gbọnrangandan bí ẹni fi rúlà fà á, ó sì yí gbogbo yàrá náà ká. Mo jáde, mo wo ògiri ọgbà aládùúgbò tí kò gba ọ̀dà: ìlà náà wà níbẹ̀, ìwọ̀n kan náà, ó dúdú fẹ́ẹ́. Ẹni tó mú mi lọ ṣì ń sọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Mo dúpẹ́, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹ wá àgbà tó ti pẹ́ jù ládùúgbò, kí ẹ sì mọ bí ẹ ṣe máa béèrè. Bí ẹ bá ní “Ṣé omi máa ń wọlé níbí?”, wọ́n á ní rárá, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ba ọjà ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ́. Ẹ bi wọ́n pé: “Ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún tí òjò pọ̀ jù, ibo ni omi dé?” Wọ́n á nawọ́ sí ibi tó dé. Ní abúlé Aneyoshi, ní etíkun Iwate ní Japan, òkúta ni àwọn àgbà fi nawọ́. Lẹ́yìn sùnámì ọdún 1933, wọ́n ri òkúta kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kí àtọmọdọ́mọ rántí àjálù náà, kí wọ́n má kọ́lé sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n gbọ́. Nígbà tí òkun tún ru lóṣù Kẹta ọdún 2011, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ló kù kí omi dé ìdí òkúta yẹn tó fi dúró, kò sì kan àwọn ilé abúlé náà. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní òkúta, àmọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ ibi tí omi dé.

Ní ti omi tí kò tó, ìlú ńlá pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní 2018, ọ̀dá mú kí ìlú Cape Town dín omi tí ẹnì kan lè lò kù sí lítà 50 lójúmọ́, fún wíwẹ̀, fífọ̀, mímu, gbogbo rẹ̀. Torí náà, ẹ béèrè ibi tí omi àdúgbò ti ń wá, ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kò bá sí, àti bó ṣe ń pẹ́ tó. Bó bá jẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, ẹ béèrè bó ṣe jìn tó, àti bóyá wọ́n ti gbẹ́ ẹ sí i rí. Kànga tí wọ́n ti gbẹ́ jìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́wàá ń sọ fún yín pé omi abẹ́ ilẹ̀ ń sá. Fífà tí wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ láìdáwọ́ dúró wà lára ohun tó mú kí Jakarta máa rì, débi pé ní 2019 ìjọba Indonesia kéde pé àwọn máa kó olú-ìlú lọ síbòmíràn.

Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ wo ìdí àwọn igi. Igi tó tẹ̀ nídìí tó wá nàró lókè ń fi hàn pé ilẹ̀ lè máa yọ́ rìn lábẹ́ rẹ̀. Bó bá sún mọ́ igbó tó máa ń gbẹ, ẹ béèrè iye ọ̀nà tí ẹ lè gbà sá bí iná bá ṣẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo kò tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jókòó, kí ẹ fi etí àti imú yẹ ibẹ̀ wò

Ìgbà mẹ́rin ni mo máa ń lọ síbì kan kí n tó gbà pé mo ti rí i: ìdájí ọjọ́ iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ tí àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, òru ọjọ́ iṣẹ́, àti ọ̀sán òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kan fóònù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú fóònù jáde, torí áàpù tó ń wọn ariwo wà níbẹ̀. Kì í pé géérégé bí ẹ̀rọ àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ó dára ju ìméfò lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù ní 2018, dámọ̀ràn pé kí ariwo ọkọ̀ ojú títì má ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 53 lọ bí a bá pín in dọ́gba lójúmọ́, kó má sì ju 45 lọ lóru.

Ariwo ń mọ́ etí lára díẹ̀díẹ̀, èéfín ò ní bí ó ṣe máa mọ́ ẹ̀dọ̀fóró lára. Eruku tín-ín-tìn-ín tí wọ́n ń pè ní PM2.5 kéré débi pé irun orí kan nípọn tó o ní ìlọ́po bí ọgbọ̀n, òun ló sì ń wọlé jìnnà jù sínú ara. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín ìwọ̀n tó ní kó má kọjá kù láti máíkírógíráàmù 10 sí 5 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, bí a bá wọn ti ọdún kan pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń gbé iye tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ẹ má wo ti òní nìkan, ẹ wo ti oṣù tó burú jù. Kí ẹ sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá fún ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, àti ohun tó wà lọ́hùn-ún: ilé iṣẹ́ ni, ààtàn ni, àbí oko tí wọ́n ń dáná sun.

Oòrùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló ń gba oòrùn nígbà tí afẹ́fẹ́ ti gbóná tẹ́lẹ̀, ògiri rẹ̀ á sì máa tú ooru náà jáde títí di òru. Níbi tí òtútù ti ń mú ní apá àríwá ayé, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló ń rí oòrùn nígbà òtútù. Ní apá gúúsù ayé, ìdàkejì rẹ̀ ni. Kọ́ńpáàsì inú fóònù ti tó láti mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ rin ìrìn ojoojúmọ́ náà kí ẹ tó gbà

Ẹ ṣírò yìí pẹ̀lú mi. Ìṣẹ́jú 45 ní àlọ, 45 ní àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún. Wákàtí 360 nìyẹn, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko tọ̀sán tòru, tí ẹ fi jókòó sínú ọkọ̀. Láàárín ogún ọdún, ó di ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ ni pé ilé tó tóbi tàbí owó oṣù tó pọ̀ máa dí i. Alois Stutzer àti Bruno Frey yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lára àwọn ará Jámánì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: àwọn tí ìrìn wọn gùn sọ pé ayé kò tẹ́ àwọn lọ́rùn tó ti àwọn tí ìrìn wọn kúrú. Ohun tí wọ́n rí gbà níbòmíràn kò dí i. Yàrá tó tóbi ń mọ́ni lára láàárín oṣù mélòó kan, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ kì í mọ́ni lára, torí lójoojúmọ́ ló ń ṣe é lọ́tọ̀.

Ẹ má gba ohun tí Google Maps sọ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ jí ní àkókò tí ẹ máa ń jí, kí ẹ jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé náà, kí ẹ lọ dé ibi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kí ẹ sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ láti ilé, íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà yín: ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ, kí ẹ ṣe ìpè fídíò olójú-kojú kan láti yàrá tí ẹ máa lò, ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lò ó pọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé ìwòsàn

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni wọ́n ń sábà fún un, bó sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ẹ mọ ilé ìwòsàn tó lè ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tó sún mọ́ yín jù, kì í ṣe ilé ìwòsàn èyíkéyìí, kí ẹ sì wakọ̀ débẹ̀ lóru. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ní àìsàn tó ń gba ìtọ́jú déédéé, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ibẹ̀ bóyá wọ́n ṣì ń gba aláìsàn tuntun, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wádìí àwọn tí ẹ máa jọ gbé

Lẹ́yìn omi, èyí ni mo kà sí ńlá jù. Ní 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 pọ̀, tó kan èèyàn tó lé ní 308,000. Wọ́n rí i pé bí àjọṣe èèyàn pẹ̀lú ẹlòmíràn bá dán mọ́rán, ó fi bí ìdá 50 nínú 100 pọ̀ sí i pé ẹni náà á ṣì wà láàyè ní òpin àkókò tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Àjọṣe yìí sì ń gba àsìkò. Jeffrey Hall ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé ó ń tó nǹkan bí 50 wákàtí kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ṣákálá, ó sì ń lé ní 200 kí ó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Bí ẹ bá gbé ibi tí ẹ ní láti ṣètò kí ẹ tó rí èèyàn, tí ẹ ń ríra fún wákàtí méjì lóṣù, ọdún mẹ́jọ á kọjá kí ẹ tó ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kan. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹ ti ń pàdé lójú ọ̀nà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, ọdún kan àti oṣù kan ti tó.

Torí náà, ibi tí àwọn èèyàn ti ń pàdé láìdá ìpàdé ni kí ẹ máa wá: ìjókòó lábẹ́ igi, pápá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, ilé ìjọsìn, ilé ìkàwé, ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè rìn láìsí pé ọkọ̀ fẹ́ gbáni. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ka iye èèyàn tó wà níta. Ẹ kí èèyàn mẹ́wàá, kí ẹ ka iye tó dáhùn tó sì dúró. Ẹ béèrè ọ̀nà, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn obìnrin ibẹ̀ bóyá wọ́n lè dá rìn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìdáhùn wọn ju ìwé ìròyìn lọ.

Bí ayálégbé kan bá ń kó jáde, ẹni yẹn ni kí ẹ sáré bá kí ẹ tó bá onílé. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: “Kí ni àárò rẹ̀ máa sọ yín? Kí ni àárò rẹ̀ kò ní sọ yín?” Ẹ fún un láyè kó ronú sí èkejì.

Bó bá sì jẹ́ pé nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ṣe ń kó lọ, ọmọ ni o, ọ̀rẹ́ ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ara yín bóyá ẹ ṣì máa fẹ́ wà níbẹ̀ bí ẹni náà bá rí iṣẹ́ níbòmíràn tó sì kó lọ. Mo ti rí òbí tó ta ilé ogójì ọdún láti lọ bá ọmọ, tí ọmọ sì kó lọ sí ilẹ̀ mìíràn kí ọdún kejì tó pé. Ọmọ kò ṣẹ̀ ẹ́. Ìlú yẹn ni kò ní ohunkóhun mìíràn fún un.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ka owó náà tán

Gbogbo èèyàn ló gbọ́ pé kí owó ilé má ju ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé lọ. Láti inú òfin ilé ìjọba ní Amẹ́ríkà ni iye yẹn ti wá: ìdá 25 ni wọ́n fi sí i ní 1969, wọ́n sì gbé e sí 30 ní 1981. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé ni, kò sì sọ nǹkan kan nípa owó ọkọ̀. Ilé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ní ẹ̀yìn odi ìlú lè di èyí tó wọ́n jù bí ẹ bá ní láti ra ọkọ̀ kejì torí rẹ̀.

Ẹ fi owó ilé, owó ọkọ̀, owó iná, owó omi, owó orí ilé àti àtúnṣe sójú kan. Fún àtúnṣe, ọ̀pọ̀ onílé máa ń ya ìdá 1 nínú 100 iye tí ilé náà tó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ilé tó ti gbó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé owó iná ọdún kan hàn yín, ti oṣù tó gbóná jù àti èyí tó tutù jù pọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi iléeṣẹ́ adójútòfò pé mélòó ni wọ́n máa gbà lórí ilé náà. Bí iye náà bá ga lọ́nà tó ń bani lẹ́rù, tàbí tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ti ṣírò ewu ibẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìwé àti òfin

Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín mú, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà mú wá, lọ wo ẹni tí ìwé ìjọba sọ pé ó ni ilẹ̀ náà. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ládùúgbò láàárín ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ òfìfo tó ń fún fèrèsé yín ní afẹ́fẹ́, ẹlòmíràn ló ni ín, ó sì lè kọ́ ilé alájà mẹ́wàá síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àlejò àti olùgbé kì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo òfin ìwọlé kan náà, ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí ni àlejò ń lò. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pẹ̀lú, ẹni tó bá lo ọjọ́ 183 láàárín ọdún kan ti di ẹni tó ń san owó orí níbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìgbélùú yín bí iṣẹ́ bá bọ́ tàbí bí ìgbéyàwó bá tú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ yá ibẹ̀ gbé kí ẹ tó rà á

Bí agbára bá ká a, ẹ yá ilé ládùúgbò náà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí oṣù tó burú jù níbẹ̀ sì wà nínú rẹ̀: oṣù òjò, oṣù yìnyín, oṣù eruku, èyíkéyìí tí àwọn ará ibẹ̀ bá ń ráhùn nípa rẹ̀. Ẹ má ṣe é bí ẹni tó wá gbafẹ́. Ẹ lọ síbi iṣẹ́, ẹ fọ aṣọ, ẹ ṣàìsàn níbẹ̀ bó bá dé. Ẹni tí kò bá lè yá a gbé, kó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù tó burú yẹn.

Nígbà tó bá ku ibi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ mú ìwé ọjọ́ kìíní jáde. Ẹ má fún ibi kọ̀ọ̀kan ní máàkì kí ẹ wá ṣe àròpọ̀ rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ìdáná tó rẹwà á bo omi tó ń wọlé mọ́lẹ̀. Ibi tó bá kùnà nínú ọ̀kan lára ohun márùn-ún yẹn ti jáde nìyẹn. Nínú àwọn tó bá kù ni kí ẹ ti wá wo ilé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkàn yín yan èyí tó wù ú. Bí kò bá sí èyí tó kù, ẹ dúró níbi tí ẹ wà fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ohun tó kù ni kí ẹ padà lọ lóru, láìsí ẹni tó ń tà á. Bí mo ṣe ṣe é fún ibi tí mo ń gbé báyìí nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni, mo jókòó sórí òkúta tó wà níwájú ilé náà láti aago mẹ́wàá títí di aago méjìlá. Ajá kan gbó. Ẹnì kan ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan kọjá, ó kí mi, ó béèrè bóyá mo sọnù, a sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ibi tí omi dé nígbà òjò ńlá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ fọwọ́ síwèé.